Triumph, Royal Enfield tàbí Kawasaki: Ta ló ni alùpùpù àtijọ́ tí aráyé tún ń du báyìí?

Kò sí ọlọ́kadà láti Kano dé Calabar tí kò mọ Bajaj Boxer. Ó ń ru èèyàn mẹ́ta àti àpò ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà, epo díẹ̀ ló ń mu, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á kì í béèrè bóyá ó rẹwà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Bajaj, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Íńdíà tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà nílùú Pune, ló tún ń bá Triumph ṣe alùpùpù. Triumph yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ń yangàn láti ọdún 1902. Láti ọdún 2023 ni Triumph Speed 400 ti ń jáde láti ilé ẹ̀rọ Bajaj tó wà ní Chakan, lẹ́bàá Pune.

Kì í ṣe Triumph nìkan. TVS, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Màrúwà tó ń sáré káàkiri ìgboro Nàìjíríà, ló ra Norton ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Mahindra, tó ń ṣe katakata fún àwọn àgbẹ̀, ló wà lẹ́yìn àwọn tó jí BSA dìde. Royal Enfield ní tiẹ̀ ti di ọmọ Íńdíà tipẹ́.

Bẹ́ẹ̀, orúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Nígbà ìjọba amúnisìn, láti Birmingham àti Nottingham ni wọ́n ti ń kó kẹ̀kẹ́ BSA àti Raleigh wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ BSA tuntun nígbà náà, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́.

Lónìí, àwọn tó lówó lọ́wọ́ ní London, New York, Tokyo àti Mumbai ń ra alùpùpù tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè dà bíi ti ọdún 1960: iná iwájú róbótó, táńkì epo tó rí bí ẹ̀kán omi, ìjókòó gbọọrọ, sàlẹ́ńsà méjì tó ń dán bíi dígí.

Mẹ́ta nínú wọn ló sábà máa ń wá sọ́kàn ẹni tó fẹ́ rà á: Bonneville láti ọ̀dọ̀ Triumph, Interceptor 650 láti ọ̀dọ̀ Royal Enfield, àti W800 láti ọ̀dọ̀ Kawasaki. Ìrísí wọn jọra débi pé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè pè wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà. Ẹ́ńjìnì wọn pàápàá jọra, písítìn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀dọ̀ òun ni ojúlówó wà.

Ta ni òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìtàn ló lè dáhùn, àmọ́ ìtàn náà kò rí bí àwọn tó ń polówó ọjà ṣe ń sọ ọ́.

Ìbọn ló fún Royal Enfield lórúkọ

Ní ìlú Redditch, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ kan wà tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Nígbà tó yá, ó kúrò nídìí abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló rí iṣẹ́ gbà láti máa ṣe ẹ̀yà ìbọn fún Royal Small Arms Factory tó wà ní Enfield, ibẹ̀ ló sì ti mú orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ìbọn àgbá ṣì ni àmì rẹ̀.

Àwọn tí bàbá àgbà wọn jagun ní Burma mọ orúkọ Enfield lọ́nà mìíràn. Lee-Enfield ni ìbọn tí àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia gbé lọ jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì.

Ọdún 1901 ni Royal Enfield ṣe alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1932, ó ti ní èyí tó pè ní Bullet, ìyẹn ọta ìbọn. Orúkọ yìí ló gba iléeṣẹ́ náà là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní Redditch.

Lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira lọ́dún 1947, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nílò alùpùpù tó lè rìn ní ojú ọ̀nà òkè àti inú iyanrìn láti fi ṣọ́ ẹnubodè. Ìjọba Íńdíà ní kí wọ́n kó Bullet 350cc tó jẹ́ 800 wá. Ọjà yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Royal Enfield fi dara pọ̀ mọ́ Madras Motors lọ́dún 1955 láti dá Enfield India sílẹ̀ nílùú Madras, tí wọ́n ń pè ní Chennai báyìí.

Títo ẹ̀yà tó wá láti Redditch pọ̀ ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀yà náà fúnra wọn.

Lọ́dún 1967, ilé ẹ̀rọ Redditch ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1971, Royal Enfield ti kú pátápátá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Madras, kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe Bullet lọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́dún 1955, títí dé orí jíà tó wà lápá ọ̀tún nígbà tí gbogbo ayé ti gbé tiwọn sápá òsì.

Ó yẹ ká kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní àṣà tàbí ogún ìbílẹ̀ nígbà náà. Ọlọ́pàá, sójà àti ẹlẹ́rán ló ń gùn ún. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, òun náà ni wọ́n ń ṣe.

Ọmọ Jámánì ló dá Triumph sílẹ̀

Ìtàn Triumph ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Siegfried Bettmann tó dá a sílẹ̀ wá láti Nuremberg, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ta kẹ̀kẹ́, ó sì mú orúkọ Triumph nítorí pé èdè tó pọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù ló gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Alùpùpù àkọ́kọ́ tó ṣe ní Coventry lọ́dún 1902, ẹ́ńjìnì Minerva láti Belgium ló wà nínú rẹ̀.

Olówó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jámánì, ẹ́ńjìnì rẹ̀ wá láti Belgium. Báyìí ni alùpùpù tí wọ́n ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1937, Edward Turner gbé Speed Twin jáde fún Triumph. Ẹ́ńjìnì onípísítìn méjì yìí kéré, ó fúyẹ́, ó sì lágbára ju bó ṣe rí lọ. BSA, Norton àti Royal Enfield ló tẹ̀lé e lẹ́yìn, gbogbo wọn ló sì ṣe irú tiwọn. Bonneville, Interceptor àti W800 tòní, ọmọ ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ Turner ni wọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1940, ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí Coventry, ilé ẹ̀rọ Triumph sì di eérú. Wọ́n kọ́ òmíràn sí abúlé Meriden, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1942.

Bonneville T120 jáde lọ́dún 1959. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ilẹ̀ iyọ̀ gbalasa kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, níbi tí Johnny Allen ti fi ẹ́ńjìnì Triumph sáré ju máìlì 200 láàárín wákàtí kan lọ lọ́dún 1956. Ìdí tí orúkọ náà fi jẹ́ ti Amẹ́ríkà kò fara sin: àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń rà á jù.

Fíìmù sì tún kún un. Nínú The Great Escape tó jáde lọ́dún 1963, Steve McQueen sá fún àwọn ọmọ ogun Jámánì lórí alùpùpù. Triumph TR6 ni, àmọ́ wọ́n kùn ún kó lè dà bí alùpùpù ọmọ ogun Jámánì. Ká ní Bettmann rí i, bóyá ì bá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Honda dé

Nígbà tó di ọdún 1969, Honda gbé CB750 jáde. Ó ní písítìn mẹ́rin, ó ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ṣí i, ó ní bíréèkì dísìkì níwájú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, epo kì í jò lábẹ́ rẹ̀.

Jíjò epo jẹ́ àìsàn tí gbogbo ẹni tó ní alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń la ilé ẹ́ńjìnì sí méjì ní òòró, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ sì wà nísàlẹ̀ níbi tí epo máa ń gbárajọ sí. Àwọn ará Jàpáànì la tiwọn ní ìbú. Àwàdà kan wà láàárín àwọn agunlùpùpù pé tí Triumph rẹ kò bá da epo sílẹ̀, a jẹ́ pé epo ti tán nínú rẹ̀.

Nàìjíríà náà kò dúró de àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Honda, Suzuki àti Yamaha ni àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń rà, pẹ̀lú Vespa fún àwọn tí kò fẹ́ kí aṣọ wọn dọ̀tí. Lọ́dún 1979, Honda dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti máa ṣe alùpùpù ní Nàìjíríà.

Ní àkókò yẹn gan-an, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sin òkú. BSA, tó ti fìgbà kan jẹ́ iléeṣẹ́ alùpùpù tó tóbi jù láyé, dojú dé láàárín ọdún 1972 sí 1973. Ìjọba so ohun tó kù pọ̀ mọ́ Norton, wọ́n pè é ní Norton Villiers Triumph, wọ́n sì fi Dennis Poore ṣe ọ̀gá rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, Poore kéde pé òun máa ti Meriden pa. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà. Wọ́n ti géètì mọ́ àwọn ọ̀gá síta, wọ́n sì jókòó ti ilé ẹ̀rọ náà. Alùpùpù tí wọ́n ti ṣe tán wà nínú ilé, kò sẹ́ni tó lè gbé e jáde. Òtútù mú wọn lẹ́nu géètì, wọ́n ń dáná sínú páànù, wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́sàn-án àti lóru fún oṣù tó ju ọdún kan lọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour gorí àlééfà, Tony Benn tó jẹ́ mínísítà ṣe ọ̀nà bí ìjọba ṣe máa yá wọn lówó. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, Meriden di ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, àti ẹni tó ń gbá ilẹ̀ àti ẹni tó ń to ẹ́ńjìnì.

Bonneville nìkan ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe. Owó kò sí láti fi ṣe tuntun. Lọ́dún 1977, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n fi yẹ́ Ọbabìnrin Elizabeth sí nígbà tó pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, wọ́n fi àwọ̀ fàdákà, pupa àti búlúù kùn ún. Ó rẹwà, àmọ́ Turner ló ni ẹ́ńjìnì tó wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá wò ó dáadáa. Ọdún 1983 ni owó tán pátápátá.

John Bloor, ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà, ló ra orúkọ Triumph. Wọ́n wó Meriden lulẹ̀, ilé ìgbé sì wà níbẹ̀ báyìí. Bloor gbà kí Les Harris máa ṣe Bonneville díẹ̀díẹ̀ ní Devon láti ọdún 1985 sí 1988, òun fúnra rẹ̀ sì lọ wo bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń ṣe tiwọn kó tó kọ́ ilé ẹ̀rọ tuntun sí Hinckley. Àwọn alùpùpù tó jáde níbẹ̀ láti ọdún 1990 sí 1991 kò ní ohun kan tó jọ ti Meriden ju orúkọ lọ.

Kawasaki: Ẹ̀dà tó ṣáájú ojúlówó padà

Àwọn tó bá ń ṣe àríyànjiyàn nípa alùpùpù sábà máa ń fi Kawasaki ṣe yẹ̀yẹ́ pé adàwékọ ni. Kò kúkú parọ́.

Meguro, iléeṣẹ́ àtijọ́ kan ní Tokyo, gbé K1 Stamina jáde lọ́dún 1960. Ẹni tó bá ti rí BSA A7 rí máa mọ ibi tí wọ́n ti wò ó. Kawasaki, tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfurufú, gba Meguro mọ́ra, ó mú ẹ́ńjìnì yẹn tóbi sí i, W1 sì jáde ní àárín ọdún 1960 sí 1969 pẹ̀lú 624cc. Kò sí alùpùpù tó tóbi tó o ní Jàpáànì nígbà náà.

Ní Amẹ́ríkà, ọjà rẹ̀ kò yá. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ẹ̀dà BSA ṣe nígbà tí BSA gangan wà ní ìsọ̀?

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, BSA ti kú, Triumph sì ń ṣe alùpùpù ìgbàlódé. Kawasaki ló wá gbé W650 jáde lọ́dún 1999. Ó dà bí ẹni pé wọ́n yọ ọ́ láti inú fọ́tò ọdún 1966, títí kan ibi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ ta á. Ọ̀pá irin gígùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì náà tó ń yí orí rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò fi sí Bonneville rí.

Odidi ọdún kan kí Bonneville tuntun tó dé ni. W800 tẹ̀lé e lọ́dún 2011, nígbà tó sì di ọdún 2021, Kawasaki tún jí orúkọ Meguro dìde ní Jàpáànì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní adàwékọ ti ní ìtàn tiẹ̀ tó lè máa rántí.

Kábúrétọ̀ tí kì í ṣe kábúrétọ̀

Triumph ṣí aṣọ lójú Bonneville tuntun lọ́dún 2000. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 790cc, kò jo epo, kò sì sí ẹ̀yà kan lára rẹ̀ tó lè wọ ara ti àtijọ́.

Nígbà tí òfin lórí èéfín le sí i nílẹ̀ Yúróòpù, kábúrétọ̀ kò wúlò mọ́. Láti bí ọdún 2008, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń fún ẹ́ńjìnì Bonneville lépo. Àmọ́ Triumph mọ̀ pé ẹni tó ń ra alùpùpù yìí fẹ́ rí kábúrétọ̀. Wọ́n wá ṣe irin tó ń fún un lépo náà kó dà bíi kábúrétọ̀ ayé àtijọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n sì fi sí ibi tó yẹ kó wà.

Àwọn kan pe èyí ní ẹ̀tàn. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra Bonneville mọ ohun tó ń rà, ojú ló fẹ́ fi jẹun, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ òun dọ̀tí ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé bíi ti bàbá rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ju ìyẹn lọ ni àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, nítorí Thailand ni Triumph ti ń ṣe ọ̀pọ̀ Bonneville báyìí.

Ọmọ ọdún 26 tó bẹ baba rẹ̀

Ní Chennai, nǹkan kò rọgbọ nígbà náà. Eicher, iléeṣẹ́ katakata kan, ti gba Enfield India láàárín ọdún 1990 sí 1994. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, nǹkan bí 2,000 alùpùpù péré ló ń jáde lóṣù. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò síbẹ̀ lè ṣe ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Àwọn olùdarí Eicher ń wò ó pé kí àwọn tà á tàbí kí àwọn tì í pa.

Siddhartha Lal, ọmọ ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ẹni ọdún 26, ló ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń gun Bullet káàkiri Íńdíà.

Ohun tó dojú kọ ọ́ ṣòro ju bí ẹni tó wà lókèèrè ṣe lè rò lọ. Àwọn tó fẹ́ràn Bullet kò fẹ́ kí ohunkóhun yí padà, títí dé orí ìró rẹ̀ tó ń dún bí ẹni ń gún iyán jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tí kò tíì rà á rí kò sì ní rà á bí epo bá ń jò tí jíà sì wà lápá ọ̀tún. Lal gbé jíà sápá òsì, ó fi bọ́tìnì sí i, nígbà tó sì di bí ọdún 2008 sí 2009, ẹ́ńjìnì tuntun ti gba ipò ti ọdún 1955. Ìrísí nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Classic 350 tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ iléeṣẹ́ náà di olówó.

Lọ́dún 2017, Royal Enfield ṣí ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ sí Bruntingthorpe, ní Leicestershire. Hinckley tó jẹ́ ti Triumph wà lágbègbè kan náà. Àwọn ẹnjiníà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wá ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ará Íńdíà láti ya alùpùpù tó máa jẹ́ orúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Interceptor 650 ni èso rẹ̀, tó dé ọjà lọ́dún 2018. Ní Amẹ́ríkà, $5,799 ni wọ́n ń tà á nígbà tó kọ́kọ́ dé. Triumph Street Twin, èyí tó rẹlẹ̀ jù lówó nínú ìdílé Bonneville nígbà náà, ju $9,000 lọ.

Èwo ni kí èèyàn wá rà?

Bí a bá fi agbára wò ó, Triumph ló borí. Bonneville T120 tó ní ẹ́ńjìnì 1200cc ní agbára ẹṣin tó súnmọ́ 80, nígbà tí Interceptor ní 47, tí W800 kò sì jìnnà sí i. Bí a bá fi owó wò ó, kò sẹ́ni tó máa bá Royal Enfield jà.

Àmọ́ ẹni tó ń ra alùpùpù bíi ti àtijọ́ kì í fi agbára àti owó nìkan wò ó. Ìtàn ló ń rà, ìtàn sì ni ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra jù.

Triumph ní orúkọ àti ilẹ̀, àmọ́ ilé ẹ̀rọ tó bí Bonneville ti di ilé ìgbé, ẹni tó ra orúkọ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ gba ohun mìíràn kún un. Kawasaki kò sọ pé òun jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, iléeṣẹ́ tó ṣe W1 náà ló ṣe W800, láìsí ẹni tó ta á fún ẹnikẹ́ni. Royal Enfield nìkan ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1955. Ohun tí ọ̀gá kọ́ ọmọọṣẹ́ ni ọmọọṣẹ́ kọ́ ọmọ tiẹ̀.

Bí ogún bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò já, a jẹ́ pé Chennai ni ogún Redditch wà. Ó lè ṣòro fún ẹni tó fẹ́ràn àsíá láti gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ṣe lébìrà lójọ́sí ló ń jẹ́ ojúlówó lónìí.

Ọlọ́kadà náà ní bó ṣe ń yan tiẹ̀

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń yan láàárín iléeṣẹ́ alùpùpù tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣà àtijọ́ tó gbòde. Calabar wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń fi alùpùpù gbé èrò ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, àmọ́ lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ lọ́dún 1986, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ló tàn káàkiri. Àwọn èèyàn fi orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air pè é, nítorí pé ó yára. Achaba ni wọ́n ń pè é ní Kano, zemidjan ní Cotonou, oléyia ní Lomé, bendskin ní Douala.

Honda àti Suzuki ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ náà, pàápàá tòkunbọ̀. Lẹ́yìn náà ni Jincheng dé láti China, iléeṣẹ́ tó ti bá Suzuki ṣiṣẹ́ pọ̀ tó sì ń ta ohun tó jọ tiẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn Jincheng ni Bajaj àti TVS.

Ní Nnewi, ní ìpínlẹ̀ Anambra, àwọn oníṣòwò ń kó alùpùpù wọlé ní títú palẹ̀ kí ó lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà kan, wọ́n á sì tò ó pọ̀ níbẹ̀. Innocent Chukwuma, tó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ Innoson sílẹ̀, wà lára àwọn tó ti ibẹ̀ dìde. Ọjà páàtì Nnewi ló ń pinnu alùpùpù tí ọlọ́kadà máa rà, nítorí pé ibi tí kò bá ti sí píláàgì àti ṣéènì fún un ní ọjà, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án bó ti wù kó rẹwà tó.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 títí di ọdún 2017 ni Bajaj àti Kawasaki fi jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, orúkọ Kawasaki Bajaj ló sì wà lára àwọn Boxer àkọ́kọ́. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì Boxer lára, ẹsẹ̀ ni wọ́n lè fi ta á, sípíríǹgì méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ará London ń san owó gọbọi fún pé ó jẹ́ ti àtijọ́, òun ni ọlọ́kadà Onitsha ń gùn lójoojúmọ́ nítorí pé mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lè tún un ṣe.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Kano fòfin de achaba lọ́dún 2013. Èkó lé ọlọ́kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022. Láàárín oṣù yẹn, ìjọba fi ẹ̀rọ run ẹgbẹẹgbẹ̀rún alùpùpù tí wọ́n gbà, wọ́n sì fi hàn nínú fídíò.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e, Triumph àti Bajaj ṣí aṣọ lójú Speed 400 ní London.